Kọ̀ǹpútà Tó Ń Dijú Nígbà Tí Mo Bá Ń Gé Aṣọ

Ọmọ mi,

Ẹ̀rù kan ń bà mí, mi ò sì lè kí ọ kí n tó sọ ọ́, torí bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, inú mi á rọ̀, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìwọ tí mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán nílé ìwé ni o fẹ́ fi ọgbọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dáa, mo ti sọ ọ́. Báwo ni? Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó mi ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín ní ìjáde àti ìwọlé, ẹ ò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé, ọ̀gá yín ò ní jí lọ́jọ́ burúkú kó wá fi ìbínú rẹ̀ sí yín lára. Àmín. Má rò pé àdúrà yìí ti parí ọ̀rọ̀ o. Mo ń gbàdúrà fún ọ, mo sì ń bínú sí ọ, méjèèjì ló ń lọ bí ẹsẹ̀ méjì ṣe ń lọ lórí pẹ́dà.

Ilé wà dáadáa. Bàbá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń dùn ún, màá sọ ìdí rẹ̀ bí mo bá débẹ̀, torí ìwọ lo fà á. Àbúrò rẹ obìnrin wá kí wa, ọmọ rẹ̀ ti ń rìn, ohun tó sì kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tuntun náà ṣe ni pé ó rìn lọ fa kọ́tìnì pálọ̀ wa já. Wọ́n ti kun ilé ìwòsàn wa ní ọ̀dà tuntun, àwọn aláìsàn wá ń jókòó síta torí òórùn ọ̀dà, àìsàn wọn sì ti di méjì.

O lè ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Mo pè ọ́. O ní Mọ́mì, mo wà nínú ìpàdé, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà. Ìpàdé náà kò tíì parí títí dòní. Bàbá rẹ wá ní kí n kọ ọ̀rọ̀ mi sínú kọ̀ǹpútà tí o rà fún wa, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ látibẹ̀. Mo ní rárá o, ṣé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ni màá ti lọ kọ ẹjọ́? Bírò ni mo fi kọ èyí, orí ìwé ni mo kọ ọ́ sí, inú yàrá ni mo jókòó sí, mo sì ti ilẹ̀kùn kó má baà yọjú wò ó.

Ṣé o rántí ìgbà tí ẹ wá kẹ́yìn? O jókòó sórí àpótí tí mo ń kó aṣọ oníbàárà sí, o ń wò mí bí mo ṣe ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́. Òwú náà kò tètè wọlé lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni òwú ń ṣe nígbà míì, bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé. O wá ní Mọ́mì, ṣé kò tó àsìkò kí ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kí ẹ sinmi? Ìyàwó rẹ wo ilẹ̀. Àbúrò rẹ ní òun náà ti ń rò ó. Mo ní kí n sinmi kí n máa ṣe kí ni? O ní kí n kàn máa jókòó. Mo ní àwọn tó ń jókòó láti àná, ibo ni wọ́n jókòó dé? Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mi ò mọ̀ pé o gbé ọ̀rọ̀ náà padà lọ síbi iṣẹ́ rẹ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni kọ̀ǹpútà dé, òun àti páànẹ́lì tó ń gba oòrùn lórí òrùlé, àti bátìrì. Kí n má purọ́, mo jó. Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí ti gbó, eku sì ti jẹ èjìká àti ìbàdí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú rẹ̀. O ti ya àwòrán ojú ìwé náà lọ nígbà tí ẹ wá, o sì kó gbogbo ìwọ̀n wọn sínú kọ̀ǹpútà, bí mo bá ti tẹ orúkọ ẹnì kan, apá rẹ̀ á yọ, àyà rẹ̀ á yọ, gígùn rẹ̀ á yọ. O sọ lórí fóònù pé ìwọ fúnra rẹ lo kọ porogíráàmù tó wà níbẹ̀, pé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé. O ní bí mo ṣe máa ń gé aṣọ sí ara èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni o ṣe gé e sí ara mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, mo sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. O tún ní porogíráàmù náà ń ṣọ́ iná, pé ojú kọ̀ǹpútà ló ń jẹ bátìrì jù, pé bí kò bá sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án fún ìgbà díẹ̀, á pa ojú náà fúnra rẹ̀, bí a bá sì mi máòsì á tún tàn. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ká gbọ́ pé òjò ń bọ̀, ọ̀tọ̀ ni kó bá aṣọ lórí okùn.

Báyìí ni mo ṣe ń gé aṣọ, torí ó jọ pé o ti gbàgbé. Mo máa ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, téèpù á wà lọ́rùn mi, píìnì á wà lẹ́nu mi, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì á di aṣọ mú kó má yẹ̀. Màá wo ojú kọ̀ǹpútà, màá ka ìwọ̀n, màá bẹ̀rẹ̀ kí n fa ìlà, màá tún gbójú sókè wò ó. Ọwọ́ wo ló ṣẹ́kù tí màá fi kan máòsì? Ojú ni mo fi ń bá a lò, porogíráàmù rẹ kò sì ka ojú sí nǹkan kan, ọwọ́ nìkan ló mọ̀. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí tí mo gbójú sókè, ó ti dijú. Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Màá ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, màá nu ọwọ́, màá mi máòsì, á lajú. Màá padà sídìí aṣọ, á tún kú. Ohun tó wá bí mi nínú jù ni pé àpótí kọ̀ǹpútà náà tó wà nísàlẹ̀ kò kú. Mo fi etí sí i, ó ń mí hùn-ún, hùn-ún. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Kọ̀ǹpútà rẹ kò sùn, ó ń pirọrọ ni.

O ní mo ń fi ẹ̀sùn èké kàn án? Gbọ́ ẹ̀rí. Bàbá rẹ máa ń ta káàdì nínú rẹ̀ lọ́sàn-án, èyí tí wọ́n ń to pupa lé dúdú. Ó lè jókòó síbẹ̀ títí ara àga á fi gbóná, kọ̀ǹpútà á lajú kalẹ̀ sí i, kò ní ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tilẹ̀ jáwé olúborí, àwọn káàdì inú rẹ̀ á jó fún un. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ló ń dijú mọ́. Ẹ̀rọ wo ló mọ eré tí kò mọ iṣẹ́, bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ta ló sì kọ́ ọ? Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, mi ò rán aṣọ kankan rí tó bọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lára oníbàárà láàárín títì. Èyí tí o gé sí ara mi yìí, ojoojúmọ́ ló ń tú mi sí ìhòòhò.

Mo lọ pe aládùúgbò wa tó ń tún rédíò ṣe, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà Wáyà. Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó gbá a létí díẹ̀, ó ní ara rẹ̀ le, kò sí ohun tó ṣe é, àṣẹ ló ń pa mọ́. Mo ní àṣẹ ta ni? Ó ní ẹni tó kọ porogíráàmù ni. Mo ní ọmọ mi ló kọ ọ́. Ó ní òun ò dárúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni o, òun ò fẹ́ ìjà. Mo ní èmi ló dárúkọ ọmọ mi. Ó ní ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ti mọ ilé tí ẹ máa lọ nìyẹn. Ó wá fi kún un pé òun gbọ́ pé àwọn tó gbọ́n dáadáa ní ìlú ńlá lè jókòó sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n máa paná ilé ẹlòmíràn. Ó gba omi tútù mu, ó lọ, ó fi èmi sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti mú àlùmágàjí, ojú rẹ ni mo ń rí. Mo ń rò ó pé o jókòó níbẹ̀, o ń wò mí, o ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ pé ẹ wò ó, Mọ́mì mi tún ti bẹ̀rẹ̀, o sì tẹ nǹkan, fìì, òkùnkùn. Mo mú àjákù aṣọ, mo fi bo ojú kọ̀ǹpútà kí o má baà rí mi, mo rọra gé apá aṣọ kan láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ṣí i kí n ka ìwọ̀n apá kejì, o ti pa á lábẹ́ aṣọ níbẹ̀.

Ì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín bí kì í bá ṣe ti àwọn nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn gbé yúnífọ́ọ̀mù àwọn nọ́ọ̀sì wọn fún mi rán, iṣẹ́ tí mo ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́, tí mo fi ń kí ọ̀gá wọn ní àkíjù bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ọ̀kan wà nínú wọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Wọ́ọ̀dù, ẹni tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ wọlé, ilẹ̀kùn ló máa kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Mo ń gé ti ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ yìí lọ́wọ́, mo dé ìbàdí rẹ̀, mo gbójú sókè, kọ̀ǹpútà ti dijú. Ọwọ́ mi kún. Mo fi ìgúnpá mi máòsì. Ó lajú, ṣùgbọ́n ìgúnpá mi ti tẹ nǹkan mìíràn lọ́nà, ó lajú sórí orúkọ Ìyá Wọ́ọ̀dù, èmi ò sì wo orúkọ, ìwọ̀n ni mo ń wá. Mo gé e. Mo rán an. Ọmọ náà wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní bó ṣe ń rìn láàárín bẹ́ẹ̀dì, òun ń lọ síwájú, aṣọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní ọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún di ikùn mú, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú nọ́ọ̀sì yìí kúrò níwájú mi kí n tó rẹ́rìn-ín já òwú tí wọ́n fi rán ikùn mi.

Ọ̀gá wọn wá bá mi fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kí mi dáadáa, ó tilẹ̀ bi mí léèrè ara bàbá rẹ. Ó wá ní Mọ́mì Télọ̀, ẹ má bínú o, ṣé ẹ ò rò pé ó ti tó kí ẹ sinmi? Ó ní ọmọbìnrin kan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, pé ojú rẹ̀ ṣì ń ríran dáadáa. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí àpótí aṣọ mi ló jáde lẹ́nu obìnrin yẹn, kò yọ ọ̀kan kúrò. Mo bi í bóyá ó mọ̀ ọ́. Ó ní òun ò mọ ọmọ mi rí. Mo ní bóyá ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní rárá. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́ tán. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé aṣọ náà sílẹ̀ kí n tún un ṣe kó tó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Ó gbé e sílẹ̀, àmọ́ ojú àánú ló fi wò mí. Ojú àánú yẹn ló ń jó mi lára títí di ìsinsìnyí. Ká ní ó bú mi ni, mo mọ èsì èébú.

Mo wá dá ọgbọ́n tèmi. Mo gbé máòsì sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí mo bá ń tẹ pẹ́dà, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, máòsì á máa gbọ̀n, kọ̀ǹpútà rẹ á rò pé ọwọ́ èèyàn ni, kò ní dijú. Inú mi dùn, mo ní bó o ti gbọ́n tó, ìyá tó bí ọ náà kò gọ̀. Ṣùgbọ́n orí tábìlì ni mo ti ń gé aṣọ, kì í ṣe orí ẹ̀rọ. Bí mo bá dìde, ta ló máa máa tẹ pẹ́dà? Bàbá rẹ ni. Bàbá rẹ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù ló wá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò lówú, tí kò láṣọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ gbirigbiri bí ẹni tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù sìmẹ́ńtì. Bó bá rọra tẹ̀ ẹ́, màá kígbe pé ó ń dijú lọ o! Á tún tẹ̀ ẹ́ kíkan. Àwọn tó ń kọjá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní Bàbá Dírẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ti ń kọ́ télọ̀ ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí lẹ ń rán? Ó ní iná ni. Ọ̀kan nínú wọn ní tí ó bá ṣẹ́kù, kó jọ̀ọ́ bá òun rán díẹ̀, ilé òun ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ni orúnkún rẹ̀ ti wú. Wò ó o, ẹnì kan ni o fẹ́ kó sinmi nínú ilé yìí, èèyàn méjì ló wá ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnì kan ń ṣe.

Orí pẹ́dà ni àbúrò rẹ ti wá bá bàbá rẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń wò ó tìyanu-tìyanu. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó fi nǹkan kan hàn mí ní igun ojú kọ̀ǹpútà, àwòrán ojú kékeré kan báyìí, mo ti rí i tẹ́lẹ̀, mo rò pé ibẹ̀ ni o ti ń yọjú wò mí ni. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. O kọ ọ́ síbẹ̀ ní èdè wa, ó mọ́ gaara: kó máa dijú, tàbí kó lajú títí. Àbúrò rẹ ní Mọ́mì, ẹ kàn tẹ èkejì, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, bátìrì á tètè tán díẹ̀ ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ò wò yín láti ibì kankan, ẹ̀yin ló fi àṣẹ sí lọ́wọ́, ẹ ò kàn ṣí i wò ni. Ó na ìka láti bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo gbá a lọ́wọ́.

Ó ní kí ló dé. Bàbá rẹ náà ní kí ló dé, ó sì ń fi ọwọ́ pa orúnkún. Mo ní bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á lajú, ó dáa, ṣùgbọ́n mi ò ní mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ mi láéláé. Kí ni mo fẹ́ máa bínú sí kọ̀ǹpútà fún? Irin ni. Ọ̀dọ̀ rẹ ni ìbínú mi ń lọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà fi irú ojú tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì fi wò mí ń wò mí, bóyá o ti rí mi bí ẹni tí ilẹ̀ ti ṣú fún, tí wọ́n kàn ń bá rọra paná. Abẹ́rẹ́ kì í tètè gba òwú lọ́wọ́ mi mọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ń gbà á. Ọjọ́ tí kò bá gbà á mọ́, èmi ni màá kọ́kọ́ mọ̀, màá pè yín, màá sọ ọ́ fún yín lẹ́nu ara mi. Kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ bá mi sọ ọ́.

Ti nọ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ náà, mo tú aṣọ rẹ̀, mo gé èyí tó pọ̀ jù kúrò, mo sì rán an padà. Ó wá wọ̀ ọ́ wò, ó yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún níwájú dígí, kò fẹ́ bọ́ ọ mọ́. Ọ̀gá wọn fọwọ́ fa ojú ìránṣọ ìbàdí rẹ̀ wò dáadáa, ó mí kanlẹ̀, ó ní àwọn tó wà ní ẹ̀ka ìgbẹ̀bí náà fẹ́ tiwọn. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ bi àwọn ọmọ mi léèrè bóyá kí n gbà á. Kí n bi àwọn ọmọ mi léèrè! Ṣé àwọn ọmọ mi ló kọ́ mi ní aṣọ rírán ni? Mo gba aṣọ tiwọn tó gbé dání lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì lójú rẹ̀, mo sì fa ìlà àkọ́kọ́ kó tó jáde. Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ báyìí, mi ò bèèrè àyè lọ́wọ́ rẹ.

Ohun tí mo bèèrè nìyí. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra oògùn ìpara fún orúnkún bàbá rẹ, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, owó ìtanràn ni. Kí o sì fi ti gíláàsì ojú tuntun kún un fún mi, kì í ṣe torí pé mi ò ríran o, torí kí n lè ríran sí i ni. Fi í rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé, kó gbé e lé mi lọ́wọ́. Má ṣe fi owó náà gba inú kọ̀ǹpútà wá, kó má lọ dijú lé e lọ́nà.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọmọ tó gbọ́n jù ọ́ lọ, kí ìwọ náà lè mọ bó ṣe ń rí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á máa gbè ọ́, ọwọ́ rẹ ò ní rọ, ojú rẹ ò ní fọ́, ẹnikẹ́ni ò ní lé ọ nídìí ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe kó tó sú ìwọ fúnra rẹ. Kí ìyàwó mi. Sọ fún un pé ìdí tó fi wo ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé ọ̀rọ̀ rẹ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo mọ̀ ọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ sí i.

Mo ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Nígbà tí o jókòó tí o kọ ọ́ pé kó máa dijú, ṣé bátìrì lò ń rò ni, àbí èmi? Bó bá jẹ́ bátìrì, ọ̀rọ̀ ti tán, mo ti dárí jì ọ́ kí o tó dáhùn. Bó bá jẹ́ èmi, má purọ́ fún mi, má sì ní kí àbúrò rẹ bá ọ dáhùn. Kọ ọ́ sínú ìwé, kọ ọ́ gàdàgbà, kí n lè kà á láìpe ẹnikẹ́ni. Tètè kọ̀wé, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó pẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tó ṣì ń ránṣọ.